Owó abẹ́ ilẹ̀: kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ahoro ilé l'Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá owó lábẹ́ ilẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ sọ lónìí. Metal detector lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ní dátà lórí fóònù lè rí i rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì gbé e lọ sí ahoro ilé bàbá bàbá rẹ̀ l'Ọ̀rẹ̀ tàbí l'Òdìgbó. Ó kù kó dún, kí ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má wá owó o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rọ yẹn á sọ fún yín pé irin wà nílẹ̀, àmọ́ kò ní sọ irú irin tó jẹ́ ní pàtó, kò ní sọ ẹni tó ni ín, kò sì ní sọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Pé àwọn baba wa rì owó mọ́lẹ̀, òótọ́ ni. Kò sí báńkì nígbà náà. Ewé àti koríko ni wọ́n fi ń bo ilé, iná lè jó o lọ́sàn-án kan òru kan. Ogun sì tún wà. Ogun Kírìjì nìkan, ọdún 1877 ló bẹ̀rẹ̀, 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan, ẹgbàáwàá ẹyọ ni, ìyẹn 20,000. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn sórí sá fógun? Inú ìkòkò ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á rì í mọ́ abẹ́ yàrá. Ẹlòmíì kú láìsọ fọ́mọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, owó ẹyọ kì í ṣe irin. Ìkòkò owó ẹyọ lè wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín gan-an, kí ẹ̀rọ náà dákẹ́ bí odi.

Owó òyìnbó ni ẹ̀rọ lè gbọ́. Ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ West African Currency Board sílẹ̀, àwọn ló ń rọ owó fún wa. Àwọn àgbà ṣì rántí oníní, kọ́bọ̀ oníhò láàárín, tọ́rọ́, sísì, àti ṣílè tó ní àwòrán igi ọ̀pẹ. Ṣílè tí wọ́n kọ́kọ́ rọ láti 1913, fàdákà gidi ni. Ní 1920, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́. Nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà dé. Èyí túmọ̀ sí pé púpọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ máa hú jáde, idẹ lásán ni, owó tẹ́ ẹ fi ra ẹ̀rọ lè jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ̀rọ náà ò ní idán kankan nínú. Wáyà tí wọ́n ká róbótó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni iná bátìrì ń gbà kọjá, bí irin bá wà nítòsí, ẹ̀rọ á ké. Bí ṣílè kan ṣoṣo bá ti jìn ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ni kò ní gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, ìṣó, àjákù páànù, ìdérí ìgò ọtí, gbogbo wọn ló ń dún. Òkúta yangí pàápàá máa ń dà á láàmú. Ibi tí gbájúẹ̀ ti ń wọlé nìyẹn. Á ní ẹ̀rọ òun ti rí ìkòkò wúrà, ó ku owó ètùtù. Ẹ ká owó yín lọ́wọ́.

Nígbà tó bá kan Ọ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo jẹ́ ọ̀gá wọn la Benin kọjá, wọ́n dé Ọ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Títí dòní, bí nǹkan bá le, ẹ máa gbọ́ kí àgbàlagbà sọ pé ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ja irú ìjà yẹn, ọ̀tá ìbọn àti àdó olóró tí kò bú lè wà nínú rẹ̀. Ohùn tí owó máa mú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ náà ni àdó náà lè mú jáde. Ẹ má rò pé ó ti pẹ́ jù. Ní 2017, àádọ́ta ọdún gbáko lẹ́yìn tí ogun bẹ̀rẹ̀, ilé ẹjọ́ ECOWAS pàṣẹ kí ìjọba Nàìjíríà san bílíọ̀nù 88 náírà nítorí àwọn tí irú nǹkan wọ̀nyí ṣe ní jàǹbá láwọn ìpínlẹ̀ tí ogun ti jà, àti láti kó ìyókù kúrò nílẹ̀. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀, ẹ kan irin tó rí róbótó tàbí gígùn tẹ́ ẹ ò mọ̀? Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi ọkọ́ kàn án. Ẹ kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ pe ọlọ́pàá.

Tàwọn òkú tún ńkọ́? Inú ilé la ti ń sin àgbà láyé àtijọ́. Bàbá àgbà kan l'Òdìgbó sọ fún mi bóun ṣe bá ọmọ-ọmọ òun lẹ́nu gbígbẹ́ ilẹ̀ nínú ahoro. Ó ní, "Ọmọ mi, yàrá ìyá mi lò ń gbẹ́ yẹn. Ibẹ̀ la sin ín sí." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá àgbà, mi ò mọ̀ ni." Kò mọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rọ ò sọ fún un. Bó bá sì jẹ́ pé owó ló bá níbẹ̀, ilẹ̀ ẹbí ni, gbogbo ọmọ bàbá ló ni ín. Mélòó nínú wa ni ò mọ ẹbí tí ohun tó kéré sí èyí ti tú ká?

Òfin náà wà níbẹ̀. Àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lórílẹ̀-èdè yìí, NCMM, tí wọ́n fi òfin 1979 dá sílẹ̀, ló ń fúnni níwèé àṣẹ láti gbẹ́ ilẹ̀ wá nǹkan àtijọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ kó o kọjá ibodè láìgbàṣẹ. Ohun tó fa irú òfin báyìí ò jìnnà sí wa. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmoníjẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Kí ojú tó là sí i, wọ́n ti ń tà wọ́n. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di báyìí. Méjì dé Amẹ́ríkà, 1950 ni wọ́n tó padà wálé.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: "Tá a bá sọ fún ìjọba, wọ́n á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́." Ẹ̀rù yín ò ṣàìnídìí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1992, Eric Lawes ń fi ẹ̀rọ wá hámà tó sọnù fún àgbẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Hoxne. Wúrà àti fàdákà ayé àwọn ará Róòmù ló bá, owó ẹyọ inú rẹ̀ lé ní 14,000. Ó dáwọ́ dúró, ó pe àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì rọra hú u bó ṣe wà nílẹ̀. Wọ́n san mílíọ̀nù kan àti 750,000 pọ́n-ùn fún un, òun àti àgbẹ̀ náà pín in. Àwọn méjì míì rí owó ayé àwọn Viking nítòsí Leominster ní 2015, wọ́n gbé e pamọ́, wọ́n ń tà á lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ló gbẹ̀yìn rẹ̀ ní 2019, ọ̀pọ̀ nínú owó náà ò sì tíì padà jáde.

Kì í ṣe pé àwọn òyìnbó nífẹ̀ẹ́ òótọ́ jù wá lọ. Òfin wọn ló jẹ́ kí ẹni tó sọ òótọ́ jèrè. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àti NCMM nìyẹn: ẹ kéde iye tẹ́ ẹ máa san fún ẹni tó bá rí nǹkan àtijọ́ tó sì mú ẹjọ́ wá, ẹ kéde rẹ̀ lórí rédíò, lédè tí àgbẹ̀ Òdìgbó gbọ́, kẹ́ ẹ sì san án.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ìjọba tó ṣe tiwọn, ẹ ṣe tiyín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà ibi tí òkú wà. Kí ẹbí fọwọ́ síwèé bí wọ́n ṣe máa pín in. Bí ìkòkò bá yọjú, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi kannakánná fọ owó inú rẹ̀. Ẹ yà á ní fọ́tò níbi tó wà, kẹ́ ẹ ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà l'Ọ̀wọ̀, ìpínlẹ̀ wa níbí náà ni. Ṣílè kan lọ́wọ́ alátùnrà, ṣílè kan náà ni. Ṣílè inú ìkòkò, lábẹ́ yàrá tá a mọ onílé rẹ̀, á sọ ẹni tó ń bá wa ṣòwò, ìgbà tó jẹ́, àti ohun tó ba àwọn baba wa lẹ́rù débi tí wọ́n fi rì í mọ́lẹ̀.