Ṣé o mọ̀? Kọ̀ǹpútà kékeré lè gba iṣẹ́ ẹ̀rọ VCD ṣe

Ní àdúgbò bí Achara Layout ní ìlú Enugu, kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì lè rọ́pò ẹ̀rọ VCD àti DVD nínú yàrá ìgbàlejò, bí ènìyàn bá ti fi okùn HDMI, èyí tí ó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mac mini, tí iléeṣẹ́ Apple gbé jáde ní ọdún 2005, wà lára irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ tí ń jẹ́ Kodi, tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ géèmù Xbox ní ọdún 2002, ni ó ń to fíìmù sójú tẹlifíṣọ̀n.

Ìpamọ́ fíìmù ni àǹfààní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù. Enugu wà lára àwọn ìlú tí Nollywood ti gbilẹ̀, orí VCD sì ni ọ̀pọ̀ fíìmù Nollywood àtijọ́ wà, ìyẹn àwo tí kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ, èyí tí ó fà á tí fíìmù kan fi sábà máa ń wà lórí àwo méjì. Àwo a máa ha, ohun tí ó ha kì í sì í sábà padà bọ̀ sípò, nítorí náà ó tọ́ kí àwọn ìdílé tí ó ní irú àwo bẹ́ẹ̀ tètè dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Díìsìkì 500 GB lè gba ohun tí ó wà lórí àwo tí ó ju 500 lọ. Àwòrán wọn kò ní mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò ní bàjẹ́ sí i.