Bí A Ṣe Ń Yan Agbẹjọ́rò

Ilẹ̀ tí baba fi sílẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ ọmọ nítorí agbẹjọ́rò tí kò yàn dáadáa. Notaire ni ó ń ṣe ìwé ilẹ̀ tí a rà. Huissier ni ó ń mú ìwé ilé ẹjọ́ wá bá ẹni. Agbẹjọ́rò ni ó ń bá ẹni rojọ́ níwájú adájọ́.

Orúkọ agbẹjọ́rò tòótọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́ wọn, tí bâtonnier jẹ́ olórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí a ti kọ́kọ́ wádìí. Kí agbẹjọ́rò kọ iye owó iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì gba ìwé ẹ̀rí owó tí a san. Ẹni tí ó ṣèlérí pé a ó jàre kí ó tó ka ìwé wa, ká ṣọ́ra fún un.

Ẹni tí ó ti mọ̀wé kà kì í tẹ̀ka sí ohun tí kò kà.