Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Ohun tí ojú opó kan rí níléèwé ijó

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ Sátidé ni, wọ́n ń ṣègbéyàwó l'Ómù-Àrán, gbọ̀ngán kún fọ́fọ́. MC gba makirofóònù, ó ní kí ọkọ àti ìyàwó bọ́ sójú agbo, kí wọ́n wá jó ijó òyìnbó, èyí tí wọ́n máa ń dira wọn mú jó. Ojú ọkọ ti ń wá ibi tó máa sá gbà. Kó tó gbé ẹsẹ̀ kẹta, ó ti tẹ aṣọ ìyàwó mọ́lẹ̀. Àwọn àlejò tó wá láti Èsìẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ni fọ́tò bá ń dún ṣáá.

Irú ìtìjú yìí ló ń lé àwọn míì lọ síléèwé ijó n'Ílọrin tàbí l'Ékòó. Kò burú. Ibi tọ́rọ̀ ti ń burú ni kéèyàn kó gbogbo owó rẹ̀ fún iléèwé àkọ́kọ́ tó bá kàn, láìyọjú sí òmíì. Ẹ gbọ́ ìtàn kan.

L'Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Arthur Murray. Ijó kíkọ́ ló fi ṣòwò. Láti ọdún 1938 ló ti ń fún àwọn ẹlòmíì láyè láti fi orúkọ rẹ̀ ṣí iléèwé, bí èèyàn ṣe ń gba orúkọ iléeṣẹ́ epo ńlá láti fi ṣílé epo. Nígbà tó di 1947, orúkọ Fred Astaire, òṣèré sinimá tó mọ ijó jó, náà gorí irú iléèwé bẹ́ẹ̀.

Ní 1961, opó kan, ẹni ọdún 51, gba ọ̀kan lára àwọn iléèwé Murray lọ ní Florida. Ó wu ìyá yìí kó di oníjó gidi. Wọ́n ní ẹ̀bùn ijó wà lára rẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n yìn ín títí, wọ́n ń ta wákàtí lé wákàtí fún un: ti bronze, ti silver, ti gold, títí kan ìrìnàjò sí Trinidad àti Mexico. Láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún, wákàtí 2,302 ló ti rà, owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 31,090. Tẹ́ ẹ bá ní kéèyàn máa jó tọ̀sán-tòru láìsinmi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ 96!

Ìyá náà lọ sílé ẹjọ́. Ó ní kò sí ẹ̀bùn kankan lára òun, kódà ó ṣòro fún òun láti gbọ́ ibi tí ìlù ń sọ̀ sí. Adájọ́ àkọ́kọ́ lé e dànù. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì dá a láre ní 1968 pé ẹjọ́ rẹ̀ ṣeé gbọ́, torí ẹni tó mọṣẹ́ ju oníbàárà lọ kò gbọdọ̀ fi ìyìn ẹ̀tàn gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló kó bá a? Ẹnu ẹni tó ń tajà náà nìkan ló ti ń gbọ́ pé ọjà dára. Àwọn àgbà ṣáà ní bí ọmọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíì, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun.

Àwọn bàbá wa kò gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́jó òyìnbó. Ní 1947 ni Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, ti òkè òkun dé pẹ̀lú Cassandra ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń kọrin fáwọn ará Èkó. E.T. Mensah àti Tempos rẹ̀ náà ń ti Gánà wá. Victor Ọláìyá, tó kú ní 2020, tẹ̀ lé wọn. Waltz, foxtrot àti quickstep ń wọ inú háíláìfù. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo, á máa wo ẹsẹ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n jó, tó bá yá, á wọlé. Bí a ṣe ń kọ́jó ìbílẹ̀ nílẹ̀ Ìgbómìnà náà nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ìgbéyàwó yín ti ń bọ̀, kò sí iléèwé tó ni waltz. Mẹ́ta ni kíkà rẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ọ̀kan sì ni ẹsẹ̀ ti ń wúwo. Ẹ kọ́kọ́ bi bàbá tàbí ìyá tó jó háíláìfù nígbà èwe, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo fídíò lórí fóònù, kẹ́ ẹ sì fi fóònù kan náà ya ara yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ olùkọ́, ẹ san owó ọjọ́ kan péré, kẹ́ ẹ lọ wo olùkọ́ kejì kẹ́ ẹ tó san tọjọ́ kejì. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san ti oṣù mẹ́fà lónìí torí pé ẹ̀bùn wà lára yín, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Kọ́kọ́ ń gbélé ẹ nílò? Rárá o. Orin kan ṣoṣo ni MC máa fi sí i lọ́jọ́ náà, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ẹ má torí ìṣẹ́jú mẹ́rin jẹ gbèsè ọdún mẹ́rin.