Ẹ̀rọ Ìfàsókè ní Ibùdó Ìwakùsà Èédú Ilẹ̀ Jámánì: Iṣẹ́ Wọn, Ìpamọ́ Wọn àti Ìmọ̀ Tó Rọ̀ Mọ́ Wọn

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: "Ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi." Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ agbègbè Ruhr ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Jámánì mu gẹ́lẹ́. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, èédú inú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ fi ń jẹun. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọdún 2018, ni wọ́n ti ibùdó Prosper-Haniel ní ìlú Bottrop pa. Òun ni ibùdó ìwakùsà èédú líle tó gbẹ̀yìn ní orílẹ̀-èdè náà. Ààrẹ Frank-Walter Steinmeier ni àwọn awakùsà fi èédú tó kẹ́yìn lé lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ti tán, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ṣì wà. Ìbéèrè tí bébà yìí fẹ́ dáhùn ni pé: nígbà tí iṣẹ́ bá ti tán, kí ni a ń pa mọ́ gan-an bí a bá pa ẹ̀rọ mọ́? Èrò wa ni pé irin nìkan kò tó. Ìmọ̀ ẹni tó ń darí ẹ̀rọ àti ìtàn àwọn tó fi ẹ̀mí wọn lé e lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ bá irin náà rìn. Ẹ̀rọ ìfàsókè ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Bí Ẹ̀rọ Ìfàsókè Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà ni èédú Ruhr fi jìn sínú ilẹ̀. Láti dé ibẹ̀, àwọn awakùsà gbẹ́ ihò tó lọ tààrà sísàlẹ̀ bíi kànga. Inú àgò onírin ni ènìyàn àti èédú ń gbà lọ, tí wọ́n ń gbà bọ̀. Okùn irin ni wọ́n so mọ́ àgò yìí. Okùn náà a gba orí kẹ̀kẹ́ ńlá kan tó wà lókè téńté lórí kànga, a sì wọnú ilé ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀rọ tó ń fa okùn yìí ni a pè ní ẹ̀rọ ìfàsókè.

Kí iná mànàmáná tó gbòde, ooru omi ni ó ń fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lágbára. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ olóoru fà ní ibùdó ìwakùsà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ, ọdún 1785, ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Jámánì ní ìlànà James Watt bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìtòsí Hettstedt, láti fa omi kúrò níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà.

Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro í yé. Wọ́n ń se omi nínú àgbá irin tí wọ́n dé pinpin. Ooru tó ti inú rẹ̀ jáde a wọ inú ihò róbótó kan, a sì ti irin kan síwá sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a ronú kan ọmọ odó nínú odó, àfi pé ooru ló ń tì í dípò ọwọ́. Irin yìí ló ń yí kẹ̀kẹ́. Méjì ni irú ihò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ lára ẹ̀rọ ìfàsókè. Bí irin kan bá dé ibi tí kò ti lè yí kẹ̀kẹ́ mọ́, èkejì a wà níbi tí agbára rẹ̀ ti pọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ibi yòówù kí ẹ̀rọ dúró sí, ó lè tún gbéra.

Ní ibùdó Hannover ní ìlú Bochum, tí wọ́n tì pa ní ọdún 1973, ẹ̀rọ ìfàsókè olóoru ti ọdún 1893 ṣì dúró síbi tí wọ́n gbé e kalẹ̀ sí. Ibùdó yìí kan náà ni Friedrich Koepe ti dá ọgbọ́n tuntun láàárín ọdún 1870 sí 1879. Ṣáájú rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń ká gbogbo okùn mọ́ àgbá ńlá. Bí kànga bá ṣe ń jìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni okùn ń gùn sí i, tí àgbá sì ń tóbi sí i. Koepe kàn mú kí okùn gba orí kẹ̀kẹ́ kọjá ni. Àgò kan rọ̀ ní apá ọ̀tún, òmíràn rọ̀ ní apá òsì. Bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀. Ìfarakanra okùn àti kẹ̀kẹ́ ni ó ń fa ẹrù. Okùn kejì tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ àgò méjèèjì ni ó ń mú kí ìwúwo apá méjèèjì bára mu. Títí di òní ni wọ́n ń lo ọgbọ́n yìí káàkiri àgbáyé.

Èdè Agogo àti Ìkíni Awakùsà

Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ kì í rí àwọn tó ń gbé. Inú ilé ẹ̀rọ ni ó jókòó sí, àwọn wọ̀nyẹn sì wà nínú òkùnkùn nísàlẹ̀. Ohun méjì ni ó gbẹ́kẹ̀ lé: òṣùwọ̀n tó ń fi ibi tí àgò dé hàn án, àti agogo. Bí agogo bá dún lẹ́ẹ̀kan, kí ó dúró. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, kí ó fà á sókè. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èdè ni agogo yìí, nítorí ìró kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀, àṣìgbọ́ rẹ̀ sì lè gba ẹ̀mí.

Àwọn awakùsà tún ní ìkíni tiwọn, "Glückauf", èyí tí wọ́n fi ń wúre fún ara wọn kí orí ṣe é níre nínú iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì gòkè wá láyọ̀. Àwa tí a ń kí aláró ní "àrẹ̀dú", tí a sì ń kí onídìrí ní "ojú gbooro", kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Bí iṣẹ́ bá kú, ìkíni rẹ̀ náà ń wá ibi tí yóò sá sí.

Bí Wọ́n Ṣe Gba Zollern Là

Kì í ṣe pé gbogbo ènìyàn gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó yẹ kí a pa nǹkan wọ̀nyí mọ́. Láàárín ọdún 1898 sí 1904 ni wọ́n kọ́ ibùdó Zollern II/IV ní ìlú Dortmund. Bruno Möhring ni ó ya àwòrán ilé ẹ̀rọ rẹ̀, tí wọ́n fi irin àti gíláàsì kọ́. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń wa ẹ̀rọ ìfàsókè tó wà níbẹ̀, èyí tó fi hàn pé ìgbà ooru ti ń lọ sópin. Nígbà tí iṣẹ́ dúró níbẹ̀ ní ọdún 1966, ilé náà di ohun tí wọ́n fẹ́ wó.

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà, ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin ni ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ilé iṣẹ́ kò sí lára wọn. Àwọn ayàwòrán Bernd àti Hilla Becher wà lára àwọn tó fárí gá. Ní ìparí ọdún 1969, ìjọba sọ ilé ẹ̀rọ náà di ohun àjogúnbá tí òfin ń dáàbò bò. Ibẹ̀ wá di ojúkò ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1979. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO fi ibùdó Zollverein ní ìlú Essen, níbi tí wíwa èédú ti dópin ní ọdún 1986, kún ohun àjogúnbá àgbáyé.

Ohun Tí Ìpamọ́ Lè Gbàgbé

Ìṣòro mẹ́ta ni ó yẹ kí a kíyè sí. Èkíní, ní ọ̀pọ̀ ibi, àgbá tí wọ́n fi ń se omi kò sí mọ́. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ kí àlejò lè wò ó. Àlejò rí ìrìn ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbóná rẹ̀, kò sì rí òógùn ẹni tó ń kó èédú sínú iná. Èkejì, ẹ̀rọ tí wọ́n nù, tó ń dán, lè mú kí a gbàgbé ikú. Ní ibùdó Radbod nítòsí ìlú Hamm, iná àti ìbúgbàù pa awakùsà tó lé ní 340 ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá, ọdún 1908. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n fi tipátipá mú ṣiṣẹ́ nínú kànga Ruhr. Àgò kan náà ló gbé wọn sọ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn tí ọwọ́ wọn mọ ẹ̀rọ ń darúgbó, kò sì sí kànga èédú tí ọ̀dọ́ ibẹ̀ yóò ti kọ́ iṣẹ́ náà mọ́. A lè fi òróró pa irin kí ó má dógùn-ún, ṣùgbọ́n ẹnu ni a fi ń gba ìmọ̀ lọ́wọ́ àgbà.

Ìkádìí

A ti rí i pé ohun mẹ́ta ni ó ń parapọ̀ di ohun àjogúnbá yìí: ilé, ẹ̀rọ àti ọ̀rọ̀. Àwọn ará Ruhr ja ìjà kí wọ́n tó rí ilé àti ẹ̀rọ gbà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó kù tí ó lè tètè sọnù. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè wà níbẹ̀. Bí a bá kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síwájú ẹ̀rọ àtijọ́ kan, kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é nìkan. Kí wọ́n béèrè ohun tí ẹni tó ń lò ó ń gbọ́, ohun tó ń bẹ̀rù, àti bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kí i. Kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ aṣẹ́gità tó ń náání èèpo igi gbọ́dọ̀ lè sọ orúkọ igi náà àti ẹni tó ṣẹ́ ẹ.