Ẹ̀rọ Kékeré Inú Yàrá Ẹja: Bí A Ṣe Lè Máa Wò Ó Láti Ilé



Nígbà tí mo lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò láìpẹ́ yìí, akọ̀wé wọn fi ẹ̀rọ kan hàn mí lára ògiri yàrá tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí. Kò ju páálí ìṣáná lọ púpọ̀. ESP32 ni orúkọ irú rẹ̀. Ó ń wọn bí yàrá náà ti tutù tó, ó sì ń kọ iye rẹ̀ sí ojú-ìwé kan tí a lè fi fóònù wò. Bí akọ̀wé bá wà lórí wáìfáì ọ́fíìsì, tí ó tẹ 192.168.1.50, yóò rí i. Bí ó bá délé, kò rí nǹkan kan mọ́, bẹ́ẹ̀ òru gan-an ni ẹja ń yọ́. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló fà á?”

Àdírẹ́sì yẹn ló fà á. Láti 1994 ni a ti ya àwọn nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé. Ó dà bí ẹni tí ó kọ “yàrá kẹta” sẹ́yìn lẹ́tà láìkọ orúkọ ìlú: yàrá kẹta pọ̀ láyé. Ráútà nìkan ni ayé òde mọ̀. Ti ẹgbẹ́ yìí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí síímù ni ráútà wọn ń lò. Àdírẹ́sì ìlànà àtijọ́ kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò sì kárí, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń kó oníbàárà púpọ̀ sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo.

Ọmọkùnrin tí ó bá wọn ṣe ẹ̀rọ náà ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn lára ráútà. Mo ní kí wọ́n má ṣe é. Lórí síímù bẹ́ẹ̀, ìpè kì í sábà dé ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀hún. Níbi tí ó bá sì ti ń dé, olè náà lè gbà á wọlé. Ní 2016, ètò burúkú kan tí ń jẹ́ Mirai ń wá kámẹ́rà àti ráútà tí olówó wọn kò yí ọ̀rọ̀ aṣínà ilé-iṣẹ́ padà. Nǹkan bí 60 orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà péré ni ó ń dán wò. Ní October 21 ọdún náà, àwọn ẹ̀rọ tí ó kó lẹ́rú bo ilé-iṣẹ́ Dyn mọ́lẹ̀, Twitter àti Netflix kò sì ṣeé dé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn fún wákàtí púpọ̀.

Ọ̀nà tí ó dára ni kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa jáde. Ráútà kì í dá ẹni tí ń jáde lọ́nà, a sì máa jẹ́ kí èsì bá a wọlé. Kí ẹ̀rọ máa fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún sí kọ̀ǹpútà alárinà tí a háyà, nípasẹ̀ ìlànà MQTT tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ibẹ̀ ni akọ̀wé yóò ti máa kà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ tan ẹ̀rọ tàbí pa á láti òkèèrè ni kí ó wá ọ̀nà àdáni bíi WireGuard. Ti ẹja kò gba ìyẹn.

Ohun kan wà tí inú mi dùn sí jù. Bí alárinà kò bá gbúròó ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ jẹ́ kí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé àti akápò. Bí iná bá lọ tí ráútà sì kú, ìdákẹ́jẹ́ náà ti di ìròyìn. Síbẹ̀, ẹ ra bátìrì fún àwọn méjèèjì.

Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi háyà alárinà náà, kì í ṣe orúkọ ọmọkùnrin yẹn. Bí mo bá padà lọ, ìwé ìpàdé ni màá kọ́kọ́ ṣí, kí n wo ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.