Ọta Ogun Àtijọ́: Ó Gbó, Kò Kú

Ohun tí àwọn kan ń kó jọ

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń kó ọta ogun àtijọ́ jọ bí ẹlòmíràn ṣe ń kó owó àtijọ́. Èèpo ọta 57 mílímítà ti Ogun Àgbáyé Kejì wà lára rẹ̀: idẹ ni, wọ́n sì lu ọdún tí wọ́n ṣe é sí ìdí rẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Bazooka, tó jáde ní 1942 láti fọ́ ọkọ̀ ogun onírin, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfìfo, tí onímọ̀ ti kó ẹ̀tù inú rẹ̀ kúrò, ni ẹni tó gbọ́n ń rà.

Inú rẹ̀

Irin kan tó rí bí àrọ ló wà nínú orí rọ́kẹ́ẹ̀tì Bazooka, ẹ̀tù sì dì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ̀tù bá bú, á fún irin náà jáde bí ọ̀kọ̀, á sì gún ọkọ̀ ogun já. Ọjọ́ orí kì í pa ẹ̀tù bẹ́ẹ̀. Irin lè ti dógùn-ún, kí ohun tó ń ṣáná sí i wá di èyí tí ìkanlù díẹ̀ lè mú bú. Èyí tí wọ́n yìn tí kò bú ló burú jù. Ẹ má gbọ́kàn lé ọ̀dà o: búlúù ni wọ́n ń kun ti ìdánrawò, síbẹ̀ ẹ̀tù lè wà nídìí rẹ̀.

Ohun tí ojú wa ti rí ní Nàìjíríà

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kíní 2002, àwọn àdó olóró tó ti pẹ́ ní bárékè Ìkẹjà bú. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kó sómi ní Òkè-Afá níbi tí wọ́n ti ń sá. Àdó mìíràn fò bọ́ sí àdúgbò láì bú.

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí ní 1970. Ní 2017, ilé ẹjọ́ ECOWAS ṣì ń dájọ́ owó gbà-máà-bínú fún àwọn tí àdó ogun yẹn ṣe léṣe.

Ẹ̀yin ará Ìlọrin

Ẹ̀yin tí ń ra irin àlòkù, ẹ̀yin tí ń yọ́ idẹ, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ohun tó bá ní orí ṣóńṣó àti ìyẹ́ nídìí, ẹ má wọ̀n ọ́n, ẹ má fi òòlù kàn án, ẹ má sì gbé e sẹ́nu iná. Òfin ohun ìjà ti 1959 ka bọ́ǹbù àti rọ́kẹ́ẹ̀tì sí èèwọ̀ fún aládàáni. Ẹ kó ọmọdé kúrò níbẹ̀, ẹ jìnnà dáadáa, kí ẹ tó pe 112 tàbí àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bójú tó bọ́ǹbù. Ẹni tó ti gbé e délé ńkọ́? Kó fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kó má gbé e lọ sí àgọ́.