Ariwo Kọ́, Orin Ni: Iron Maiden àti Àwo Wọn, Senjutsu

Ẹ jẹ́ kí a pa ìwé dé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a sọ̀rọ̀ orin. Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ heavy metal, ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ní ariwo lásán ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá máa ń yí orin ẹgbẹ́ Iron Maiden ní alaalẹ́, èmi a sì fi ìrọ̀rí di etí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, tó jẹ́ fóònù rẹ̀ nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, gbàgbé ìlù. Gìtá méjèèjì ni kí o máa tẹ̀ lé." Ọjọ́ náà ni etí mi là.

Ohun tí mo gbọ́ nìyí. Gìtá kan ń kọ orin, èkejì ń kọ orin kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ ga díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn méjì nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì bá jọ ń kọrin, tí ọ̀kan mú ohùn òkè, tí èkejì mú ohùn àárín. Lábẹ́ wọn ni gìtá béèsì ti ń sáré bí ẹṣin: dùgùdù, dùgùdù, dùgùdù. Steve Harris ló ń ta á, ìka lásán ló sì fi ń ta á. Òun náà ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ní 1975. Àwọn ẹgbẹ́ heavy metal kan wà tó jẹ́ pé agbára nìkan ni wọ́n gbójú lé. Ti àwọn wọ̀nyí yàtọ̀: bí o bá gbọ́ ọ tán, o lè máa súfèé rẹ̀ lọ sí kíláàsì.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu àwọn ará wa onígbàgbọ́: ṣé kì í ṣe orin èṣù nìyẹn? Ẹ̀sùn náà ti pẹ́. Nígbà tí àwo The Number of the Beast jáde ní 1982, àwọn ẹlẹ́sìn kan ní Amẹ́ríkà kó àwo wọn jọ, wọ́n dáná sun ún. Àlá burúkú tí Harris lá lẹ́yìn tó wo fíìmù ìbẹ̀rù kan ni orin náà ti wá. Nicko McBrain tó di onílù wọn ní ìparí ọdún yẹn kan náà di àtúnbí ní 1999, kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ogun, ìtàn àtijọ́, ìwé àti fíìmù ló pọ̀ jù nínú orin wọn. Ní 1984, wọ́n sọ ewì gígùn tí Coleridge kọ nípa arìnrìn-àjò ojú òkun di orin tó ju ìṣẹ́jú 13 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lọ gbọ́ ọ kí ẹ tó wọ yàrá ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ àyípadà gan-an ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ olórin tó bá pẹ́, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ a pín sí méjì: àwọn kan a ní kí wọ́n má yí ohunkóhun padà, àwọn kan a ní ohun kan náà ló ń tún ara rẹ̀ ṣe, ó ti sú àwọn. Iron Maiden ti rí ìbínú apá méjèèjì. Paul Di'Anno ló kọ orin nínú àwo méjì àkọ́kọ́, ti 1980 àti 1981. Ohùn rẹ̀ le, orin náà sì yára. Bruce Dickinson ló rọ́pò rẹ̀, ohùn òkè rẹ̀ tó ń lọ gbọọrọ ló sì ṣí ọ̀nà fún orin gígùn. Ní 1983, wọ́n kọ ọ́ sára páálí Piece of Mind pé àwọn kò lo síńtísáísà, bí ẹni ń fi í yangàn. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, gìtá tí wọ́n so mọ́ síńtísáísà ló kún inú Somewhere in Time! Àwọn kan bínú nígbà náà. Lónìí, àwo yẹn wà lára èyí tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ wọn kì í fi ṣeré.

Dickinson fi wọ́n sílẹ̀ ní 1993. Blaze Bayley gba ipò rẹ̀, ó sì ṣe àwo méjì. Ohùn tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, síbẹ̀ ó ní láti máa kọ orin Dickinson lórí ìtàgé, bí ẹni wọ agbádá tí a rán fún ẹlòmíràn. N kò dá a lẹ́bi. Ní 1999, Dickinson àti Adrian Smith onígìtá padà wálé. Wọn kò lé Janick Gers tó rọ́pò Smith lọ. Pẹ̀lú Dave Murray tó ti wà níbẹ̀ látijọ́, gìtá di mẹ́ta. Paris ni wọ́n ti ṣe Brave New World, tó jáde ní 2000. Láti ìgbà náà ni orin wọn ti ń gùn sí i.

Paris kan náà ni wọ́n padà sí ní 2019 láti ṣe Senjutsu. Àwo náà kò jáde títí Kòrónà fi dé, ó di ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, 2021. Orin mẹ́wàá ni, ó tó ìṣẹ́jú 82, ó sì gba àwo méjì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Drake gbé tirẹ̀ jáde, òun ló gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Iron Maiden sì ṣe ipò kejì. Ní Amẹ́ríkà, ipò kẹta ni wọ́n dé, àwo wọn kankan kò sì ga tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí.

Ohun tó jẹ́ kí n fetí sí àwo yìí ju àwọn yòókù lọ ni ohùn Dickinson. Ní ìparí 2014, lẹ́yìn tó ti kọ orin rẹ̀ tán fún The Book of Souls, àwọn dókítà rí àrùn jẹjẹrẹ ní ìdí ahọ́n rẹ̀. Ẹ rò ó wò: akọrin, ahọ́n! Ó gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ sì yá ní 2015. Senjutsu ni àwo àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà ṣe pẹ̀lú ohùn tó ti la iná yẹn kọjá, bàbá ẹni ọdún 60 ló sì kọ ọ́. Ohùn náà ti nípọn sí i. Àwọn ibì kan wà tó ti ń fi tipátipá gòkè, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nínú The Writing on the Wall, tí òun àti Smith jọ kọ, ó dúró nísàlẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí àgbà tó jókòó sójú àgbàlá, gìtá sì ń dáhùn bíi ti àwọn olórin gúúsù Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 25 kò lè kọ ọ́ báyẹn.

Ibi tí mo ti bá wọn jà ni apá ìparí. Orin Harris ni mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, kò sì sí èyí tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé: gìtá rọra bẹ̀rẹ̀, béèsì tẹ̀ lé e, ariwo dé, lẹ́yìn náà a tún padà sí jẹ́jẹ́ tí a ti wá. Wọn kò tún fọ ohùn gìtá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ tó, wọ́n ń bora wọn mọ́lẹ̀. Àwa tí bàbá wa ń gbé àwo jùjú sórí ẹ̀rọ, tí apá kan rẹ̀ a máa lọ láìdúró títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé àárín, kò yẹ kí orin gígùn dẹ́rù bà wá. Gígùn kọ́ ni ẹ̀sùn mi. Ẹ̀sùn mi ni pé mo ti mọ ibi tí à ń lọ kí a tó gbéra. Hell on Earth nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Orin inú gìtá rẹ̀ dùn débi pé mo gbàgbé láti wo aago.

Ìlù McBrain ló ṣí àwo náà, gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń kéde ogun. Ní oṣù Kìíní 2023, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú lápá ọ̀tún. Ó tún ìlù kọ́, ó sì padà sórí ìtàgé lọ́dún kan náà, àmọ́ ní oṣù Kejìlá 2024, ní São Paulo ní Bràsíìlì, ó dágbére fún ìrìn-àjò orin. Simon Dawson ló gba ọ̀pá ìlù lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí The Writing on the Wall, kó fi Hell on Earth tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìdánwò, ilẹ̀kùn yàrá wa ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ ṣáà gbé pawabáńkì yín dání.